Ooru Ara Àmúdàtù

Láyé ìgbà tí à ń wí yìí, ní nǹkan bí ọdún 1997, bí ẹ bá dé Sábó ní Yábàá tí ẹ béèrè Ìyá Oní-maṣíìnì, kò sí télọ̀ tí kò ní nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín. Àmúdàtù ni orúkọ rẹ̀. Kì í ránṣọ. Maṣíìnì ìránṣọ ló ń tún ṣe. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Èyí tó kọ́kọ́ tú, tirẹ̀ ni. Ó to gbogbo síkúrù rẹ̀ sórí aṣọ funfun bí wọ́n ṣe ń jáde, ó sì dá wọn padà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé maṣíìnì méjì lè jọra bí ìbejì, kí àwọn méjèèjì sì máa fo ojú rírán, kó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ló tẹ̀ nínú èyí, síkúrù ló dẹ̀ nínú ìyẹn. Kò jẹ́ gbé ẹ̀sùn ọ̀kan lé èkejì lórí láìtú u wò.

Ara tirẹ̀ nìkan ni kò rántí tú wò.

Òun àti Àkàngbé ọkọ rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀, jọ ní kòkòrò HIV nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n ti mọ̀ láti ọdún mélòó kan. Oògùn tó ń kápá kòkòrò náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù nígbà náà. Ṣe ni wọ́n ń ṣọ́ ara wọn, tí wọ́n ń tọ́jú ohun tó bá yọjú. Lára Àkàngbé, òógùn ló kọ́kọ́ yọjú. Ara rẹ̀ á gbóná, á làágùn títí aṣọ á fi rin, ó sì ń rù. Ó fi pamọ́ títí, ó ní ibà ni. Ìgbà tí ikọ́ dá a dùbúlẹ̀ ni wọ́n tó rí i pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ó lo oògùn rẹ̀ tán, ó sì dìde, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó bá a lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í rú lára Àmúdàtù, tí òógùn ń ṣàn sí i lójú níbi tó ti ń de síkúrù, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ti rí i lára ọkọ rẹ̀, ó sì gbà pé ó ti kan òun. Ó ránṣẹ́ sí Ọláìtán, tó ń ra maṣíìnì àlòkù ní Múṣín, pé kó wá kó gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé.

"Ta ló sọ fún ẹ pé o ń kú lọ?" Àkàngbé bi í.

"Bàbá Níyì, ara yín ló sọ fún mi."

"Ara mi! Èmi tí mo ni ín, kì í bá mi sọ̀rọ̀, ìwọ ló wá ń bá sọ̀rọ̀?" Ó ki fìlà rẹ̀ mọ́rí. "Dìde ká lọ sí kílíníìkì. Èmi tí mo fi tèmi pamọ́, mo rí ohun tí ojú mi rí."

Kílíníìkì kékeré ni, lọ́nà Ìwáyà. Nọ́ọ̀sì Mabel, tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀, kì í sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn síta. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí ooru náà fi dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àyà, ó gun ọrùn, ó gba gbogbo ojú. Àmúdàtù tú ìborùn, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀.

"Ó ti dé. Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó!"

Nọ́ọ̀sì yára fi gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara sábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, ó gbé e sójú fèrèsé.

"Màmá, ara yín ò gbóná."

"Kò gbóná kẹ̀? Ẹ fọwọ́ kan ọrùn mi!"

"Awọ ara ló gbóná, inú ò gbóná. Ẹ wò ó fúnra yín."

Àmúdàtù gba gíláàsì náà, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ó fi rí ìlà tín-ín-rín tó ń dán nínú rẹ̀. "Ooru ló ń tì í gòkè?"

"Ooru ni."

"Ẹ ti yọ ọ́ lẹ́nu mi, ó ti tutù. Kí ló dé tí kò padà sísàlẹ̀?"

"Ọ̀nà ibẹ̀ há nísàlẹ̀, mà. Àfi kéèyàn gbọ̀n ọ́n."

Èyí dùn mọ́ Àmúdàtù débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó bá wá.

"Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?" Nọ́ọ̀sì bi í.

Àkàngbé yíjú sí ògiri.

"Ó ti pẹ́. Mo rò pé àìsàn ló gbé e lọ."

"Ó jọ pé ọjọ́ orí ni. Tí nǹkan oṣù bá ń tán lọ, ohun tó ń ṣọ́ ìgbóná ara á máa ta gìrì. Ara ò gbóná, òun á ní ó gbóná, á wá tú òógùn sílẹ̀."

Àkàngbé yíjú padà wéré. Ibi tí òun mọ̀ nìyẹn. "Ó ń ṣe mọ́tò! Tí ohun tó ń ṣọ́ ooru ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣe ségesège, ẹ́ńjìnnì á tutù, fáànù á sì máa yí. Ìyá Níyì, òógùn mi lo yá lò láìtọrọ!"

Àmúdàtù kò tíì rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ò sọ fún wa pé ti obìnrin á yàtọ̀."

"Ìwé tí èmi náà kà lórí àìsàn yìí, ara ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin lẹ ń kọ́ wa ní ìyókù."

Síbẹ̀, Nọ́ọ̀sì kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó gbé Àmúdàtù sórí ìwọ̀n: kò rù rárá. Ó ní kí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, dókítà wò ó, ó mọ́. Ó kìlọ̀ fún un pé kòkòrò ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, kó má pa ọjọ́ ìpàdé jẹ. Ó ní egungun obìnrin tó bá dé ibi tó dé yìí máa ń tètè fúyẹ́, kó máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tòun teegun, kó sì máa rìn.

"Èmi ńkọ́?" Àkàngbé béèrè.

"Tiyín, Dádì, ẹ má fi nǹkan pamọ́ mọ́. Ọkùnrin kì í tètè wá." Ó yíjú sí Àmúdàtù. "Nínú gbogbo obìnrin tí mò ń tọ́jú níbí, Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé ibi tí nǹkan oṣù ti ń tán. Ẹ ti dàgbà mọ́ wa lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àmúdàtù lára. Àgbà! Ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ní kòkòrò yìí ló ti mú ojú kúrò lórí pé òun á dàgbà. Ó rántí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó máa ń gbé àga sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí irú ooru yìí bá mú un, tí á tú ìró sílẹ̀, tí á ní kí wọ́n bu omi tútù wá fún òun kíákíá, tí gbogbo ilé á sì máa sáré. Òun náà ti dé àga yẹn. Bó ṣe ń jáde ní géètì kílíníìkì, Àkàngbé sọ fún un pé ìrìn rẹ̀ ti yí padà, pé ó ń rìn bí ìyàwó ọba.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọláìtán gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Oní-maṣíìnì, a ti dé o! Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Ọláìtán. Mi ò tà mọ́."

"Há! Ẹ̀yin lẹ ní ara yín ò gbé iṣẹ́ mọ́."

"Ohun tí mo rò pé ó ń ṣe mí kọ́ ló ń ṣe mí. Mo ti dàgbà ni."

Ọláìtán bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ dàgbà, ẹ wá ń yọ̀? Àwọn ẹgbẹ́ yín ń kun irun ní dúdú!"

"Àwọn yẹn mọ̀ pé àgbà á dé. Èmi ò mọ̀."

Bó ti wí báyìí ni ooru tún mú un. Àwọn télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ń wò ó. Kò sá wọlé. Ó tú ìborùn, ó fẹ́ ara rẹ̀ lójú gbogbo wọn títí ó fi kọjá, ó sì nu ojú.

"Kí lẹ gbé sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn?"

"Ẹ fi sílẹ̀, maṣíìnì tó ń já òwú ni. Mo fẹ́ jù ú nù."

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún mi. Ẹ padà wá gbà á ní Ọjọ́bọ̀."

Ọláìtán sọ ọ́ kalẹ̀. Àmúdàtù ti fa àga, ó ti ká ọwọ́ aṣọ sókè.

"Tí ẹ bá dé tí ẹ ò bá mi," ó wí láìgbójú sókè, "ẹ jókòó dè mí. Ọjà ni mo lọ."