Tẹlifíṣọ̀n Tí Kò Bàjẹ́

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn ará àdúgbò a máa kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, kí wọ́n lè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aláwàdà ni ẹ̀gbọ́n náà. Nínú ètò ẹ̀fẹ̀ àti orin tí wọ́n ń fi hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ló ń ṣe akólòlò tí wọ́n ń pè ní Kòkòkò. Bí ọ̀rọ̀ bá há a lẹ́nu, yóò gbá itan, yóò janlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò sì bẹ́ jáde bí ìbọn. Àwọn èèyàn a rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀gbọ́n kì í kólòlò. Àbúrò tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ló ń kólòlò, láti kékeré. Kì í gbá itan. Bí ọ̀rọ̀ bá há a, a dijú, a dákẹ́, a dúró dè é.

Àwọn oníbàárà kì í dúró. "Kòkòkò kékeré" ni wọ́n ń pè é. Awakọ̀ kan, tó sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ilé kejì, tilẹ̀ sọ fún un lójú ìyá rẹ̀ pé, "Ìwọ náà ń gbìyànjú o, àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù ọ́ lọ."

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí aláwàdà wá kí i, ó ní, "O mu ọmú mi, kò tó ọ. Kí lo tún ń fi ẹnu àbúrò rẹ ṣe?"

"Màámi, iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ ta ni?"

 Àbúrò tó jókòó tì wọ́n ló dáhùn. "Bọ̀dá mi, ẹ mú... ẹ mú mi lọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí wọ́n rí bí mo... bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀."

Ó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ya ètò náà. Wọ́n fi pọ́dà pa á lójú, wọ́n ní kó dúró síwájú kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò pọ̀: "Ẹ káalẹ́ o. Èmi ni àbúrò Kòkòkò. Báyìí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀." Ó sọ "Ẹ káalẹ́ o," ìyókù há. Ó dijú.

"Ẹ dúró!" ni olùdarí ètò ké. "Akólòlò kì í ṣe báyìí. Gbá itan rẹ! Ṣé o kì í wo ẹ̀gbọ́n rẹ ni?"

Àbúrò mi orí.

"Bó bá dákẹ́ báyìí," ni olùdarí wí, "àwọn tó ń wò wá á rò pé tẹlifíṣọ̀n àwọn ló bàjẹ́."

Aláwàdà kò ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá gé e kúrò, ẹ gé èmi náà."

Wọ́n yà á. Ó pẹ́, àmọ́ ó sọ ọ́ tán.

Nígbà tó di Sátidé, ó gbé tẹlifíṣọ̀n tó dára jù síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀. Ó gbé àga fún ìyá rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ìyá nìkan ló sọ fún pé òun máa yọ nínú ètò náà. Bí ojú ọmọ náà ṣe yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, ariwo sọ.

"Hẹ̀n! Ọ̀gá wa nìyẹn!"

"Ẹ káalẹ́ o," ni ẹni inú tẹlifíṣọ̀n wí. Ó dijú. Ó dákẹ́.

Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó. Awakọ̀ dìde. "Ó ti há. Àwòrán ò mì mọ́, ohùn ò sí." Ó gbá ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà. "Ọ̀gá, dìde, tẹlifíṣọ̀n rẹ ti kú mọ́ wa lójú!"

Ọkùnrin náà fẹ́ sọ pé kò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà há a. Òun náà dijú.

"Ẹ fi sílẹ̀!" ni ìyá ké. "Ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀!"

"Màmá, ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí?" Awakọ̀ fa wáyà yọ lára ògiri, ó sì tún fi í síbẹ̀ padà, bó ṣe máa ń rí i tí ọ̀gá ń ṣe.

Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn kì í tètè jí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ fi máa padà, ẹ̀gbọ́n ló wà níbẹ̀. Ó gbá itan, ó janlẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ́ jáde. Ẹ̀rín gba gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ ò rí i? Ó ti dáa!"

"Kò... kò bàjẹ́," ni ọkùnrin náà wá rí sọ.

"Kò bàjẹ́ mọ́, ọ̀gá. Mo ti bá ọ tún un ṣe."

Nígbà tí ètò parí, ọkùnrin náà pa tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó tú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ki orí bọ inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ohun tó bàjẹ́. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, títí ẹni ìkẹyìn fi gbé àga rẹ̀ lọ.