Ẹni Tó Gbin Ọgbà Náà

Lydia já sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdí àràbà láì fọwọ́ kan bíréèkì. Aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dún, gèlè rẹ̀ ti ń tú, àwọn àlejò méjèèjì sì ń tẹ̀ lé e, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Kò rọra. Bó bá fi lè rọra, ọkùnrin yẹn á bá a, á sì tún bi í ní ìbéèrè tó ti ń bi í láti àárọ̀.

Ìbéèrè náà kò le rárá. "Ta ló gbin ọgbà yìí?" Bàbá ọkọ Lydia ló gbìn ín. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ìlú Ìwó ń kọ́lé yí i ká, òun ń gbin oganwó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbin kòkó, òun ń gbin arère àti ọ̀mọ̀, àgbálùmọ̀ àti orógbó, títí ibẹ̀ fi di ohun tí èèyàn lè rìn láti òwúrọ̀ kó má tíì yí i ká tán. Àdá rẹ̀ náà ló la àwọn ọ̀nà tóóró tí kẹ̀kẹ́ ń gbà lónìí. Gbogbo èyí ni Lydia ti sọ fún ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n "bàbá ọkọ mi" kò tó o. Orúkọ ló ń fẹ́, ìyàwó ilé kì í sì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Lydia wọlé, bí wọ́n ti ń fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni àwọn ìyálé ilé ti ń kìlọ̀ fún un: gbogbo ẹni tó bá nílé yìí, ọkọ rẹ̀ ni, títí kan ọmọ ọwọ́, kò sì gbọdọ̀ fẹnu pe orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Lydia gbọ́. Ó wá orúkọ àdàpè fún gbogbo wọn. Ó pe ọ̀kan ní Akọ̀wé, ó pe òmíràn ní Eyínmẹ́nugún. Bàbá ọkọ ló kàn ń pè ní Bàbá, ó sì ti orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Nígbà tí ìyàwó ilé kò bá sì pè é, kì í ṣe àwa tí à ń sọ ìtàn ni a ó sáré ṣáájú rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Sunday, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Tíṣà Afọlábí, ló dá iṣẹ́ mímú àlejò ká ọgbà sílẹ̀. Ó kó kẹ̀kẹ́ mélòó kan jọ, ó sì ń mú àwọn tó bá wá kí àwọn ará míṣọ́ọ̀nù ká ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé kan ní Ilé-Ogbó, ní ọdún tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀, Lydia gun kẹ̀kẹ́ obìnrin tó wà láàárín wọn, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn ará ìta ní ojú ń ti àwọn. Ó lu aago fún wọn, ó kọjá.

Lánàá ni ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti ẹnu awakọ̀ kan. Ọ̀gbẹ́ni Àlàní ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹni tó mọ tinú-tẹ̀yìn igi, tí ìgbìmọ̀ ìlú pè pé kó wá bá àwọn wo ọgbà náà. Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí àwọn agégẹdú wá gé e lulẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ìlú ni, igbó lásán tó kàn hù bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbìn ín. Lọ́sàn-án òní tí í ṣe Sátidé ni wọ́n máa jókòó lé e lórí, ohun tí Àlàní bá sì sọ ni wọ́n á ṣe. Láti ìgbà tí Lydia ti gbọ́ ni kò ti lè fìdí kalẹ̀. Adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Àlàní bá a. Ọkùnrin náà sanra, òógùn ti mú ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Mísìsì, ẹ fẹ́ pa mí," ó wí. "Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fún mi lórúkọ kí n tó kú."

"Bàbá wa ni, sà."

"Mo ti gbọ́ ìyẹn. Bí mo bá dé iwájú ìgbìmọ̀ tí mo ní bàbá kan ló gbìn ín, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo àgbàlagbà Ìwó ni bàbá kan. Ẹni tí kò lórúkọ ò gbin nǹkan kan lójú wọn."

Àlejò kejì, Kòfowórọlá, olùkọ́ kékeré kan tó wá lo ìsinmi láti Èkó, fara ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú pè é. Ṣebí orúkọ lásán ni? Lọ́dọ̀ wa, orúkọ bàbá ọkọ ni wọ́n á máa fi pe ẹ̀yin gan-an."

Ìyẹn náà kò ran Lydia lọ́wọ́. Orúkọ bàbá àgbà tó ti kú ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ nílé ìwé, kì í ṣe ti bàbá tó bí i. "Ní Ìwó níbí, ẹnu wa wúwo," ó wí, ó sì tún gun kẹ̀kẹ́.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ìyàwó máa ń dá. Bí wọ́n bá bi wọ́n ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fojú wá ọmọ ilé kan, ọmọ náà á sì bá wọn pè é. Ohun tí Lydia ń sáré wá ká ọgbà nìyẹn: ẹnu kan ṣoṣo. Jemimah ọmọ rẹ̀ ì bá ti ṣe é, ṣùgbọ́n ó wà lọ́dọ̀ baba rẹ̀ ní Ilé-Ogbó. Àwọn ọkùnrin ilé ti lọ sóko. Ó fi ọ̀nà tí àlejò ń gbà sílẹ̀, ó já sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò fi ìrókò ńlá hàn wọ́n. Kò dúró nídìí àgbálùmọ̀ tó ti máa ń dúró sọ̀tàn fún àlejò. Kòfowórọlá béèrè bóyá ọ̀nà ni wọ́n wá wò àbí igi. Lydia ní wọ́n á rí igi bó bá yá.

Nídìí ọ̀mọ̀ kan, wọ́n rí ẹnìkan tó bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣa igi ìdáná. Ọkàn Lydia fò. Nígbà tí onítọ̀hún nàró, Mercy ni, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Mercy, ẹni tó gbin ọgbà yìí, bá mi pe orúkọ wọn fún àlejò."

Mercy kúnlẹ̀ kí àwọn àlejò, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ náà kó lè ráyè ronú. "Ẹ̀yin ìyálé mi ò pè é, èmi tí mo dé lánàá ni kí n wá pè é," ó wí. "Ẹ̀sùn lẹ fẹ́ kó sí mi lọ́rùn."

Kòfowórọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Àlàní pàápàá rẹ́rìn-ín. Lydia kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ilé tó kún fún ìyàwó, kò sì sí ẹyọ ẹnu kan tí kò ní èèwọ̀ níbẹ̀.

Ó gba ẹ̀bá ọgbà lọ síbi tí pèrègún pààlà láàárín wọn àti ilé Rájí, aládùúgbò wọn. Hàbíbátù wà níbẹ̀ tó ń já ewé, ìyàwó tuntun ilé náà. Òun kì í ṣe ìyàwó ilé Lydia, kò sí èèwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lydia kò tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tán kó tó bi í.

"Orúkọ kẹ̀?" ni Hàbíbátù wí. "Bàbá Inú Ọgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bàbá wa tó kú nìkan ló mọ òmíràn. Wọ́n ní láràárọ̀ ni bàbá wa máa ń pè wọ́n láti ìdí pèrègún yìí. Ìgbà yẹn, n kò tíì wọlé ọkọ."

Ọ̀rọ̀ Rájí ló ń sọ. Lydia rántí ohùn rẹ̀. Ìmàle ni Rájí, Bàbá jẹ́ Onítẹ̀bọmi, ìyẹn kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí Rájí bá ti kírun àárọ̀ tán tó ń lọ sóko, á dúró níbí yìí, á pariwo orúkọ náà bí ẹni ń pe ọmọdé, Bàbá á sì fi ariwo dá a lóhùn láti inú ilé. Nínú àwẹ̀ ọdún tó kọjá ló kú. Òun ló kẹ́yìn nínú àwọn ẹgbẹ́ Bàbá tó ń pe orúkọ náà.

Àlàní gbójú sókè wo oòrùn. "Ó ti ń kan àtàrí. Ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá náà, kí n fẹnu ara mi bi wọ́n."

Èyí gan-an ni Lydia ti ń sá fún. Ó mọ Bàbá. Ọkùnrin náà lè fi odindi ọjọ́ kan yin igi, kò jẹ́ yin ara rẹ̀ títí tí á fi sùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó kù mọ́. Ó ṣáájú wọn, ó ń tẹ pẹ́dàlì bí ẹni pé ẹsẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Bàbá wà lórí àga rẹ̀ nídìí orógbó, ó kẹ̀yìn sí gbogbo igi tó gbìn, ó kọjú sí ìhà pèrègún àti ọ̀nà oko. Bó ti máa ń jókòó nìyẹn. Àlàní fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìjókòó o, bàbá. Àwọn igi yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ gbìn wọ́n?"

Bàbá wẹ̀yìn díẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ àwọn igi tí wọ́n ń sọ. "Òjò ló bomi rin wọ́n, ọmọ mi. Ilẹ̀ ló gbé wọn dìde. Kí ni mo ṣe níbẹ̀?"

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn.

"Kí lorúkọ yín, sà?"

"Wọ́n ń pè mí ní Bàbá."

"Èyí tí wọ́n sọ yín ní ìkómọ, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn? Orúkọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ pè. Ẹlòmíràn là ń jẹ́ ẹ fún." Ó sì yí ojú padà sí ọ̀nà.

Àlàní dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Nígbà tó na ọwọ́ mú kẹ̀kẹ́, Lydia mọ̀ pé ó ti parí. Ọkùnrin yìí á lọ síwájú ìgbìmọ̀, á ní bàbá kan wà, bàbá náà sì ní òjò ni. Lọ́la wọ́n á gbé ayùn dé. Inú bí Lydia. Inú bí i sí Bàbá, inú bí i sí àwọn ìyálé tó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bí i sí ara rẹ̀ jù, òun tó ń fi kẹ̀kẹ́ sá fún ọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kó ṣubú. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ó dojú kọ ilẹ̀.

"Oyèlẹ́yẹ ni," ó wí.

Ohùn rẹ̀ kéré. Ó tún un sọ, ó le sí i. "Oyèlẹ́yẹ ló gbìn ín, sà. Kò sí igi kan níbẹ̀ tí ọwọ́ Oyèlẹ́yẹ ò kàn. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Kòfowórọlá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àlàní pe orúkọ náà wò lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì mi orí.

"Ìyẹn tó," ó wí. "Wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́nu mi lónìí, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀ á ṣú bá wa níbẹ̀."

Òun àti Kòfowórọlá gun kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n gba ọ̀nà ìlú lọ. Lydia kò lè gbé orí sókè.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Mo ti ṣe ohun tí a kì í ṣe."

"Ìyàwó," ni Bàbá wí. Omi wà lójú rẹ̀. "Pè é lẹ́ẹ̀kan sí i."

Lydia rò pé ó ń dán òun wò. "Bàbá?"

"Má pè é bó o ti pè é yẹn, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Lọ sí ìdí pèrègún."

Lydia wo àga, ó wo ibi tí àga náà kọjú sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e síta láràárọ̀ láti ọdún tó kọjá. Èrò ọ̀nà oko ló rò pé Bàbá ń wò.

Ó dìde, ó rìn lọ. Ní ìdí pèrègún, ilẹ̀ ibi tí Rájí máa ń dúró ti hu koríko. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí Mercy lókèèrè, igi ìdáná lórí rẹ̀, ó dúró ń wò ó. Lydia ti gèlè rẹ̀ sẹ́yìn, ó ya ẹnu, ó sì kígbe orúkọ náà bí ọkùnrin tó ti kírun tán tó ń lọ sóko ti máa ń kígbe rẹ̀.

"Hóò!" ni Oyèlẹ́yẹ dá a lóhùn, kíá, bí ẹni tó ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ̀ tipẹ́.