Bọ́ọ̀sì Tó Wà Nísàlẹ̀ Òkun

Ara ti ń fu mí sí Hafeez ọ̀rẹ́ mi kí mọ́tò wa tó kúrò ní Oju Ore láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ìrágbìjí ló ti dé lánàá, níbi tó ti lọ tọ́jú bàbá ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, mo wá ń ròyìn wàhálà Dámiláre, àbúrò mi, fún un. Mo ní Mọ́ńdè ló máa fojú ba kóòtù, èmi sì ni mo ṣe onídùúró fún un ní téṣàn ọlọ́pàá. Hafeez tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi kàn dákẹ́ gbári ni.

Mo ní, “Kí ló dé? O ò gbọ́ mi ni?”

Ó ní, “Mò ń gbọ́.” Ló bá yíjú sí fèrèsé.

Bọ́ọ̀sì Ọ̀gá Ògúndèyí ni Dámiláre ń wà, ó fi ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Sàngó lọ sí Agbara. Lọ́jọ́ kan ló fẹsẹ̀ rìn wálé, ó ní àwọn adigunjalè ti já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ òun lọ́nà Alapoti. Ògúndèyí ní irọ́ ni, ó kó ọlọ́pàá wá bá a. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ò mọ Ògúndèyí? Ọkùnrin tó lè gbé ẹrù ara ẹ̀ pamọ́, kó tún wá fi igbe ta! Mo ti sọ ọ́ kiri gbogbo àdúgbò pé òun ló jí ọkọ̀ ara ẹ̀, pé màá rí bọ́ọ̀sì náà, ojú ẹ̀ á sì já.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sàngó, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ráyè, òkun ni mò ń wọ̀. Àwa mélòó kan la kó ara wa jọ. A máa ń tọrọ páìpù kọnkéré àti òkú ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, a ó yọ ẹ́ńjìnnì àti táyà, a ó fọ epo ara wọn dànù, a ó wá rì wọ́n sínú òkun, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan rì sí, kí ẹja lè máa gbé inú wọn. Yáàdì Hafeez ni wọ́n ń já wọn sí. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rì àwọn tó kẹ́yìn. Àwọn yẹn la fẹ́ lọ wò, bóyá ẹja ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé ojú agbami, a gbé sílíńdà atẹ́gùn kọ́ ẹ̀yìn. Hafeez ń bá mi fa bẹ́líìtì mi le.

Ó ní, “Dúrótoyè, ọ̀dọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ yẹn ni ká mọ. Má dé ibi àwọn bọ́ọ̀sì. Àwọ̀n àwọn apẹja há síbẹ̀, ó lè mú ẹ lẹ́sẹ̀.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Ṣáà gbọ́ tèmi.”

Ẹ wá gbọ́ o! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìrágbìjí dé lánàá ló mọ ibi tí àwọ̀n há sí nínú òkun! Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, Ògúndèyí ti rí eléyìí náà rà.

A di okùn mú, a ń sọ̀kalẹ̀. Omi náà rú bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Nígbà tí a dé ara ọkọ̀ àtijọ́, ẹja ń wọlé, wọ́n ń jáde, ṣùgbọ́n ojú mi ò sí lọ́dọ̀ ẹja. Tí mo bá ti yíjú sí apá ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì wà, Hafeez á fọwọ́ kàn mí léjìká, á juwọ́ sí mi pé rárá. Bó ṣe tẹjú mọ́ géèjì atẹ́gùn ẹ̀ báyìí, mo ta ẹsẹ̀, ó di ibẹ̀.

Kò sí àwọ̀n kankan. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló jókòó sínú iyanrìn. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn èyí tó wà ní ìkángun, mo rí àtẹ̀gùn irin tí èmi fúnra mi jó mọ́ bọ́ọ̀sì Dámiláre nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ kán. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mi ò lè ṣì í mọ̀. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí rọ́bà tí mo fi ń mí já bọ́ lẹ́nu mi. Ọwọ́ ti tẹ Ògúndèyí!

Mo bá wọ inú ẹ̀ lọ síwájú dírẹ́bà. Dámiláre kì í wakọ̀ láìsí ẹ̀gbà idẹ Màámi níwájú ẹ̀. Èmi ni mo fi irin pẹlẹbẹ kan àti nọ́ọ̀tì méjì dè é mọ́ ibẹ̀ fún un. Nígbà tí ọkọ̀ lọ, ẹkún ẹ̀gbà yẹn ni Màámi ń sun.

Irin pẹlẹbẹ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbà ò sí. Ẹni tó yọ ọ́ sì ti dá nọ́ọ̀tì méjèèjì padà sáyè wọn, ó fún wọn le dáadáa. Adigunjalè wo ló ń ráyè ìyẹn? Mo di sítíà mú, mi ò lè kúrò níbẹ̀, títí Hafeez fi wá fà mí lápá.

Bá a ṣe padà gorí ọkọ̀ ojú omi wa ni mo gbá a láyà mú. “Ta ló gbé bọ́ọ̀sì yẹn wá sí yáàdì ẹ?”

“Dúrótoyè, fi mí sílẹ̀.”

“Mo ní ta ni!”

“Wàláì, mi ò mọ̀ pé ẹjọ́ wà nídìí ẹ̀. Àárọ̀ yìí tó o ń sọ̀rọ̀ ló tó yé mi. Àbúrò ẹ ló wọ́ ọ wá kí n tó lọ sí Ìrágbìjí. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ló fi ta wá lọ́rẹ. Àbúrò ẹ ni, kí ni mo fẹ́ bi í?” Ó tẹ orí ba. “Mi ò fẹ́ kó o fojú ara ẹ rí i.”

Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí a dé Ọ̀tà, ilé wa ni mo gbà lọ tààrà.

Dámiláre jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń jẹ ẹ̀pà. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú àbọ̀. Ṣé ẹja pọ̀?”

“Tún bí wọ́n ṣe gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ sọ fún mi.”

“Ẹ ti gbọ́ ọ tó, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n na ìbọn sí mi, mo sọ̀kalẹ̀, mi ò bojú wẹ̀yìn.”

“Ẹ̀gbà Màámi ńkọ́?”

“Ó wà níbi tí ẹ dè é mọ́.”

“Mo dé ibẹ̀ lónìí,” mo ní. “Ẹni tó yọ ọ́ dá nọ́ọ̀tì padà.”

Ó gbé ẹ̀pà sílẹ̀. Ó wo yàrá Màámi, ó wò mí, ó dìde, ó wọlé. Nígbà tó jáde, áńkáṣíìfù ló mú dání. Ó tú u. Ẹ̀gbà náà ló wà nínú ẹ̀, ó ń dán.

“Ẹ́ńjìnnì ni mo tà, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí ẹ̀gbà bá ọkọ̀ lọ,” ó ní. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí Màámi má gbọ́.”

Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Èmi tí mo ba Ògúndèyí lórúkọ jẹ́ kiri nítorí ẹ̀! Èmi tí mo fi orúkọ mi dúró! Mo gba ẹ̀gbà náà, mo fi sápò. Màámi ké sí wa láti inú ilé pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Mo ní, “Dámiláre, wọ bàtà ẹ. Téṣàn là ń lọ.”