Sípánà Tó Sùn Síta

Sípánà kan ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Kògbàgbé, atúnkẹ̀kẹ́ṣe, àti àbúrò rẹ̀ tó ń ta irin àlòkù. Àbúrò yá a, ó sọ ọ́ di tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Kògbàgbé kò ti kí i mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò yọ́ wá, ó fi ọ̀rá di sípánà náà, ó so ó mọ́ géètì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

“Ẹ jẹ́ n gbé e wọlé,” ni ìyàwó Kògbàgbé wí.

“Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Ó dé ẹnu ọ̀nà mi, kò kí mi? Kó padà wá fi lé mi lọ́wọ́, kó sì bẹ̀ mí.”

“Orí kunkun yìí ló máa pa yín.”

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, obìnrin kan láti ọ́fíìsì ìlera wọlé tòun ti ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Ó ní sípánà yẹn ni àbúrò fi tú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn àtijọ́ kan. Ẹ̀tù tó ń tan ìtànṣán olóró ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ó sì ti lẹ̀ mọ́ sípánà. Àbúrò ti wà ní ọsibítù.

Kògbàgbé figbe ta. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré kì í kúrò nídìí géètì!

Obìnrin náà na ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ìtànṣán sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, sí orúnkún, sí irun. Ó rọra ń dún tó, tó, bí omi tó ń kán. Ó na án sí ọ̀rá: ó ta bí àgbàdo nínú agbada gbígbóná.

“Ẹ̀tù náà kò sí lára ọmọ,” ó wí.

“Ìtànṣán yẹn ńkọ́? Ó ṣeré nítòsí ẹ̀.”

“Kò pẹ́ níbẹ̀, kò sì sún mọ́ ọn. Ẹni tó yáná kì í di iná, bàbá. Kó ṣáà má sún mọ́ ọn jù ni. Eérú iná ló ń bá èèyàn wọlé. Níbi tírú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí, ọwọ́ ló gbé ẹ̀tù náà dé orí ibùsùn.”

“Àbúrò mi ńkọ́?” Ó ti pẹ́ tí Kògbàgbé ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

“A ti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ bó, yóò pẹ́ kó tó jinná, ṣùgbọ́n kò ní kú. Ẹ lè lọ jókòó tì í.”

Òun àtàwọn òṣìṣẹ́ tó bá a wá fọ géètì, wọ́n gbé sípánà sínú àpótí òjé.

“Ìgbà wo lẹ máa dá a padà?”

“Láéláé!”

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Orí kunkun ló gbà wá!”

Ní ọsibítù, Kògbàgbé fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fajú ro.

“Sípánà mi dà?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ti so ó mọ́ géètì yín.”

“Kò tẹ̀ mí lọ́wọ́.” Ó gbé ife omi sí i lẹ́nu. “Tètè gbádùn, kó o wá ra òmíràn fún mi.”