Èjí Àdùkẹ́

Múlí, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ẹ kí n tó gbàgbé ẹ̀. O mọ ìtàn àwọn jagunjagun tí gbogbo wa ń kà, tí èmi máa ń kọ àfikún tèmi sí lórí fóònù? O mọ ọmọbìnrin tí mo fi kún un, tí mo sọ ní Àdùkẹ́, oríkì tèmi gan-an? Mo fún un ní èjí tí Ọlọ́run ò fún mi. Ọfà kì í bà á, kò sì sí ogun tí kì í ṣẹ́.

Lójú àlá, ó ń bẹ́ àwọn jagunjagun yẹn lórí bí ẹni ń ká ilá. Ẹ̀jẹ̀ mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Orí balógun wọn yí gbirigbiri wá síwájú mi, ó lanu, ó ní, “Ìwọ lo kọ ọ́. Pè é kó dáwọ́ dúró!”

Mo ké, “Àdùkẹ́!” Ta ló máa jẹ́? Ẹnu tèmi náà ló dáhùn, “Mà!”

Ni ọmọbìnrin náà bá yíjú sí mi. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ya ẹnu mi, ó ní, “Háà, eyín tìrẹ dí pa! Jókòó, kí n là á fún ẹ.” Ó ki ṣóńṣó àdá bọ àárín eyín mi, ó fi òkúta lù ú gbàgà!

Mo ta jí. Mo fi ahọ́n tọ́ eyín mi wò. Gbogbo ẹ̀ pé, ó sì dí pa bíi ti tẹ́lẹ̀.

N ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n Múlí, má rẹ́rìn-ín: ó dùn mí pé kò là.