Ẹni Tó Máa Gbé Bàbá Kalẹ̀

Bàbá ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń yọ ọmọ lẹ́nu. Owó ìfẹ̀yìntì rélùwéè ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ara wọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti ilé wọn ní Òkè-Baálẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì tín-ín-rín bí igi ìṣáná títí ọjọ́ tí wọ́n fi kú. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí wọ́n bẹ Mùíbì ọkọ mi. Ọjọ́ tí wọ́n sin ọ̀rẹ́ wọn kan, àwọn ọ̀dọ́ tó gba òkú náà nínú sàréè jù ú sílẹ̀ gbì, gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ. Àtọjọ́ náà ni Bàbá ti ń sọ ọ́ pé, "Mùíbì, ìwọ ni àkọ́bí mi. Ìwọ ni kó o wà nínú sàréè, kó o fi ọwọ́ ara ẹ gbà mí, kó o rọra tẹ́ mi sílẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n jù mí bí àpò sìmẹ́ńtì."

Mùíbì ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ló tún máa ṣe é bí kì í bá ṣe èmi?"

Etí mi báyìí ló ṣe.

Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n ti bí mi. Ọmọ òṣómàáló ni mí. Bí mo bá lóṣòó ti ọ̀rọ̀, mi kì í dìde kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Nọ́síràtù dákẹ́ títí ọkọ ẹ̀ fi di ohun tó dà. Nígbà tí a ń fẹ́ra, tí a jọ ń kàwé ní Iléṣà, bí èmi àti Mùíbì bá jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ẹni kẹta á tún ráyè. Ìgbà tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Abéré ló mọ ọ̀nà ilé oúnjẹ aláfẹ́fẹ́ tútù kan tó wà ní Ògo-Olúwa. Adìyẹ díndín, ṣawámà, mít-páì, mínírà tútù. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ohun tí èèyàn ń jẹ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Nígbà tó yá, mo ń bá ọ̀rá lábẹ́ ìjókòó mọ́tò, mo ń bá egungun adìyẹ nínú àpò ẹ̀wù tí mo fẹ́ fọ̀. Mo jà títí. Mo se ẹ̀fọ́ fún un, ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó ní òun fẹ́ sáré lọ ra epo sí mọ́tò. Ilẹ̀ mọ́, mọ́tò ò lépo, òórùn adìyẹ ló ní.

Bí mo bá bi í pé kí ló dé tó ń sanra báyìí, á ní, "Nọ́síràtù, ìran wa ni. Ara ìyá Bàbá ni mo gbé wọ̀." Mi ò bá ìyá Bàbá láyé, kí ni mo fẹ́ sọ? Bí kì í bá ṣe ìran, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, ìjókòó ti pọ̀ jù. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́, ọbẹ̀ mi ló dùn jù. Gbogbo ayé ló jẹ̀bi àfi ọwọ́ tó ń gbé e sẹ́nu. Kí n má purọ́, ọwọ́ tèmi náà ò mọ́ tán: bó bá mú tèmi dání bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, mo máa ń jẹ ẹ́ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Dókítà kìlọ̀ títí ó sú u. Mùíbì gbé àga lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń kírun lórí ìjókòó láàárín àwọn arúgbó, torí bó bá foríkanlẹ̀, ó di kí wọ́n fà á dìde. Bàbá wò ó lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Mùíbì, sàréè tí wọ́n máa gbẹ́ fún mi, ṣé ó máa gbà ẹ́ báyìí? Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run o." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Mùíbì ló sì rẹ́rìn-ín jù. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo rí wọn.

Ìdájí ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n kú. Kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà, wọ́n ti gbẹ́ sàréè tán lẹ́yìn ilé, láàárín ògiri àti igi ọsàn tí Bàbá gbìn. Ara Bàbá ni àwọn tó gbẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ó jìn, ó sì tóóró.

Àwa obìnrin wà lójú fèrèsé ilé ìdáná, èmi àti Àdíját, àbúrò ọkọ mi. Wọ́n gbé Bàbá jáde nínú aṣọ kàfánì, wọ́n kírun sí wọn lára, wọ́n tẹ́ wọn sórí ẹní létí sàréè. Mùíbì bọ́ agbádá, ó bọ́ bàtà. Ààfáà Abdullateef, tó ń darí ìsìnkú náà, sún mọ́ ọn, ó ní, "Àláájì, ẹ dúró lókè níbí. Ẹ jẹ́ kí Kàmál sọ̀ kalẹ̀." Kàmál ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà ni.

Mùíbì ní, "Èmi ni Bàbá ní kí n ṣe é."

Ó jókòó sétí sàréè, ó na ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ò tíì kúrò nílẹ̀ tí etí sàréè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya, iyanrìn ń rọ́ wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó sì há. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, ikùn rẹ̀ ò kọjá. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ èémí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mú un lápá, wọ́n fà á, kò wá. Wọ́n tún fà á. Bàbá wà lórí ẹní nínú oòrùn, wọ́n ń dúró de ọmọ wọn.

Ojú gbà mí tì. Àdíját di ọwọ́ mi mú, kò wò mí. Bí ojú bá ti èèyàn, á ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ilẹ̀ lanu fún ọkọ mi, kò rí i gbé mì.

Nígbà tí wọ́n fà á jáde tán, ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́ sàréè ní, "Ṣé ká gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i ni?" Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣọ́bìrì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ yé gbogbo wa. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ sàréè bàbá fẹ̀ nítorí ikùn ọmọ. Mùíbì wolẹ̀, iyanrìn kún ìdí ṣòkòtò rẹ̀.

Ó ní, "Rárá. Kàmál, sọ̀ kalẹ̀."

Kàmál sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Òun ló gba Bàbá.

Lọ́sàn-án, àwọn ará ọ́fíìsì Mùíbì wá kí wa. Wọ́n kó páálí oúnjẹ dání, orúkọ ilé oúnjẹ Ògo-Olúwa yẹn wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ọ̀kan nínú wọn, Phebe, tó jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kúnlẹ̀, ó gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Mà, ti ọ̀gá wa nìyí. A ò mọ ohun tí à bá rà, ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ ló ní ohun tí wọ́n máa ń jẹ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án nìyí."

Láàárọ̀. Àárọ̀ tí èmi ń fún un ní ògì àti mọ́ín-mọ́ín kó tó jáde nílé. Ìyá mi tó ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà dé gbọ́ ọ, wọ́n yí ojú síbòmíràn. Mo ní kí Ọlọ́run san án fún wọn, mo gbé páálí náà sórí tábìlì, mo lọ bu omi fún àwọn àlejò. Nígbà tí mo padà dé, páálí ò sí níbẹ̀ mọ́. Mùíbì náà ò sí láàárín èrò.

Inú yàrá Bàbá ni mo ti bá a. Ó jókòó sórí ibùsùn wọn, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ó ń sunkún, ó sì ń jẹ. Láti ojú fèrèsé yẹn ni mo ti ń to èébú jọ, èébú tí ǹ bá fi ọdún kan bú u. Gbogbo ẹ̀ fò lọ.

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Nọ́síràtù, kì í ṣe ìran wa."

Mo pa ilẹ̀kùn dé.

"Èmi ni mo bomi sí wọn lára nígbà tí a ń wẹ̀ wọ́n. Egungun ni wọ́n. Kàmál náà, egungun. Ìyá Bàbá gan-an ò sanra, Bàbá sọ fún mi rí, mo kàn ń pa á mọ́ ni." Ó gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. "Kò sẹ́ni tó fipá bọ́ mi. Àfọwọ́fà ni. Èmi ni mi ò jẹ́ kí n sin bàbá mi."

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Kí n tó ṣẹ́jú, Mùíbì ti ti páálí náà sábẹ́ ìrọ̀rí Bàbá, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Baba ọmọ, tó ti lé lógójì ọdún, ó ń fi oúnjẹ pamọ́ kí àbúrò rẹ̀ má bàa rí i. Kàmál ló wọlé, iyanrìn sàréè ṣì wà ní orúnkún rẹ̀. Òórùn adìyẹ kún yàrá, kò sí bí kò ṣe ní gbọ́ ọ. Ó wolẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀dá, mo kàn ní kí n sọ fún yín ni. A ò jù wọ́n o. Mo rọra gbà wọ́n, mo fi ọwọ́ gbé orí wọn. Wọ́n fúyẹ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀ yín gan-an ni mo ṣe é."

Mùíbì ní, "O ṣeun." Kàmál rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Ọkọ mi fa páálí náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó nà án sí mi, kò wojú mi. "Gbé e lọ. Mi ò jẹ ẹ́ mọ́ láyé. Má fún Ikhlas níbẹ̀ o." Ikhlas ni ọmọ wa obìnrin. Inú mi fẹ́ máa dùn. Mo ní ọjọ́ tí mò ń dúró dè ti dé, àní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú Bàbá ló mú un wá. Mo gba páálí náà, ó fúyẹ́. Mo ṣí i. Egungun ló kù níbẹ̀.

Mi ò bú u. Mo fa páálí náà sábẹ́ ìborùn mi, mo dì í mú mọ́ra, kí n tó gbé e kọjá láàárín àwọn tó ń kí wa kú àṣẹ̀yìndè ní pálọ̀.