Orúkọ Kan Péré Lójú Kọ̀ǹpútà

Èmi wà níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ilé wa wà níbẹ̀. Eyínafẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló jókòó sílẹ̀, tó ń fi ètò tuntun kún ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, tó fi eyín di sukudíráfà mú… Ẹni mẹ́rin péré. Bí nǹkan bá bàjẹ́, mo mọ àwọn tí màá bi.

"Màmá, tí ẹ bá ti tàn án, á bi yín: ṣé ti àtijọ́ ni àbí tuntun?" Bí Eyínafẹ́ ṣe wí nìyẹn. Orúkọ méjì ló yẹ kí n rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pa á, tí mo tún tàn án — tuntun nìkan ni mò ń rí.

Inú ti àtijọ́ ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi olóògbé tí a gbà sílẹ̀ wà. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi ka ẹni tó bí ẹni, ẹni tó fẹ́ ẹni. Tuntun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Mo lè ka ìdajì rẹ̀ lórí. Ìdajì tó kù… ta ni màá bi?

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yẹn ló ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká pa ti àtijọ́ rẹ́, ó ti darúgbó." Mo wò ó. Ó ní, "Ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà ni mò ń bá wí." Eyínafẹ́ yọ sukudíráfà lẹ́nu: "A kì í torí àlejò lé àgbà jáde. Dísíìkì méjì, àpótí tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pa mọ́ sí, la máa fi sí i, kálukú á ní yàrá tirẹ̀."

Àbí Eyínafẹ́ ti pa á rẹ́, tí ò lè sọ fún mi — rárá. Ọmọ yẹn kọ́. Àbí ọwọ́ ló ṣì…

Dúró ná. Ó tún sọ̀rọ̀ kan. "Mo ń yọ wáyà ti àtijọ́ ná, kí ọwọ́ tuntun má bàa kàn án." Mo rí i tó yọ ọ́. Mo rí i tó ki tuntun bọ̀ ọ́, tó parí iṣẹ́, tó dé ìdérí. Wọ́n pè é láti ibi iṣẹ́, ó sáré jáde. Wáyà yẹn… mi ò rí i kó dá a padà.

Kò sọnù. Ó sùn ni. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí Eyínafẹ́ lọ́rùn láti àárọ̀! Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi pọ̀n dàgbà, òun ló ń pọ̀n wọ́n padà yìí. Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ gan-an.

Eyínafẹ́, tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, má kánjú. Jẹun ná. Lẹ́yìn náà kí o ṣí ìdérí, kí o dá wáyà àgbà padà sáyè ẹ̀. Màá bá ẹ di tọ́ọ̀ṣì mú.